Asẹ́ omi oníyanrìn: ibi tí a bá iṣẹ́ dé ní Ìsánlú

Oṣù kẹwàá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa ti mú iṣẹ́ sáà yìí: asẹ́ omi tí a ó fi iyanrìn ṣe. Òjò ṣì ń rọ̀, odò ti pọ́n, odò yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé tó yí wa ká ń pọn mu.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Dúróòmù oníke kan, òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, iyanrìn kíkúnná lórí rẹ̀, àti páìpù tó gba ìsàlẹ̀ jáde tó tún gun ara dúróòmù lọ sókè. Ibi tí ẹnu páìpù yẹn ga dé ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju orí iyanrìn lọ, kí omi lè máa bo iyanrìn nígbà gbogbo. Orí iyanrìn níbẹ̀ ni àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò rí máa ń tẹ̀dó sí, àwọn ló sì ń jẹ kòkòrò àrùn tó bá bá omi wọlé. Bí iyanrìn bá gbẹ, wọ́n kú. Bí omi bá jìn jù lórí wọn, wọn kò ní rí afẹ́fẹ́ tó.

Láti 1829 ni James Simpson ti ń fi iyanrìn sẹ́ omi fún iléeṣẹ́ omi Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ni omi ń ṣàn nínú irú tiẹ̀. David Manz ti Yunifásítì Calgary ní Kánádà ló tún un ṣe, tó fi di ohun tí ìdílé kan lè bu omi sí láàárọ̀, kí wọ́n tún padà sí i lálẹ́. Irú èyí là ń ṣe.

Oṣù kọkànlá

Ìdí iyanrìn ni gbogbo agbára wa lọ. Àwọn ọmọ fẹ́ lọ kó ti odò. Bàbá ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ bíríkìlà, ló dá wa dúró: "Tíṣà, ìgbẹ́ màlúù àti ewé jíjẹrà ló wà nínú ìyẹn. Sítóònù-dọ́ọ̀sì, lẹ́búlẹ́bú òkúta fífọ́, ni kẹ́ ẹ lò." Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ó fi ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e wá, kò gba kọ́bọ̀.

Ó wá ku ká jọ̀ ọ́. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rí bí àwọn ọmọ ṣe ń da iyanrìn nù, wọ́n sì wọlé wá gba asẹ́ tí wọ́n fi ń jọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó mọ nǹkan jọ̀ tó àwọn obìnrin wọ̀nyí, inú mi sì dùn pé àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i.

Nígbà tí a tò ó tán, a wo bí omi ṣe ń yára jáde: lítà 1 kò gbọdọ̀ jáde kí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ tó pé. Ọmọ SS2 kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló ń wo aago. Tiwa lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ariwo sì sọ.

Omi ń jáde ní mímọ́ gaara, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún. Ó lè tó ọgbọ̀n ọjọ́ kí àwọn abẹ̀mí orí iyanrìn tó gbó. Ìyá kan bi wá léèrè ìdí tí a fi ń fi omi tó mọ́ tó báyìí fọ ilẹ̀. Àwọn ọmọ ló dá a lóhùn, wọ́n ṣàlàyé títí ó fi yé e. Kódà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, inú ìgò tó mọ́ kedere la ó rọ ọ́ sí, ká sá a sóòrùn fún wákàtí 6, tàbí ọjọ́ 2 bí ojú ọjọ́ bá ṣú.

Oṣù kejìlá

Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ gba ìsinmi. Asẹ́ yìí kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 48 láìrí omi tuntun. A kò lè gbé e lọ sílé ẹnikẹ́ni, torí bí iyanrìn bá mì, iṣẹ́ bàjẹ́. Àwọn ìyá onígàrí ló ní àwọn yóò máa bu omi sí i. A ní kí wọ́n ṣáà máa pọn ọ́n láti odò kan náà, torí omi ibẹ̀ ló ti mọ́ àwọn abẹ̀mí náà lára. Pírínsípà fọwọ́ sí i, a fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ géètì, wọ́n sì pín ọjọ́ láàárín ara wọn.

Wọ́n béèrè ohun kan lọ́wọ́ wa: kí a kọ́ ọ̀kan sí àgbàlá tí wọ́n ti ń yan gàrí. Dúróòmù rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń jọ iyanrìn rẹ̀ lọ́wọ́.