Kí katapílà tó wọ ahoro abà lẹ́yìn Abẹ́òkúta

Lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá àti Alábàtà, ilé ń jẹ oko lójoojúmọ́. Ọmọ onílẹ̀ á ní igbó lásán ni, sàfíyọ̀ á rì píláà, katapílà á dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, irọ́ ni "igbó lásán" yẹn. Láti 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, ìlú ni wọ́n kọ́lé sí, oko ni wọ́n dá abà sí, ọ̀pọ̀ abà ọ̀hún sì ti di ahoro. Àpáàdì àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wọn lè wà lábẹ́ ahoro náà, kí òkúta funfun tí àwọn ará ìgbà láéláé là ṣe ọ̀bẹ sì tún wà lábẹ́ ìyẹn. Bí ẹ ṣe lè wa àwọn ohun àtijọ́ wọ̀nyí jáde kí katapílà tó dé ni mo fẹ́ sọ.

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Òfin 1979 tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ fún mùsíọ́mù (NCMM) sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni wú ohun àtijọ́ láìgbàṣẹ. Kí ẹ gbà á kí wọ́n tó pín pulọ́ọ̀tì, nítorí bí wọ́n bá ti ta ilẹ̀ náà tán, gbogbo àwọn tó rà á lẹ máa bẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ rin ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun igbó, kí òjò tó sọ ewéko di ńlá. Kí àwọn èèyàn tò ní mítà márùn-ún síra wọn, kí wọ́n máa wo ilẹ̀. Pèrègún tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, igi ìyeyè tàbí akòko láàárín igbó, òkìtì rọ̀gbọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ọ̀gán: àmì ilé nìwọ̀nyí. Ẹ bi àwọn àgbà abúlé tó wà nítòsí. Wọ́n á sọ orúkọ abà náà àti ìdílé tó ni ín.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jiyàn ni ibi tó yẹ ká gbẹ́. Gbogbo wọn ń sáré lọ sórí òkìtì, bẹ́ẹ̀ ògiri amọ̀ tó wó ló wà níbẹ̀, kò sì sí ohun púpọ̀ nínú rẹ̀. Kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ ògiri náà, tí kì í jìnnà sílé, ni kí ẹ wá kàn. Nígbà tí ilé parí, kòtò yẹn ló di ààtàn: eérú, egungun ẹran, ìkòkò fífọ́, gbogbo rẹ̀ tò léra wọn bí wọ́n ṣe ń dà á sí i. Oko ẹ̀gẹ́ àti iṣu lè ti da nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà òkè ilẹ̀ rú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kòtò kì í mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ fi okùn àti èèkàn ya mítà kan sí mítà kan. Ẹ máa wà á ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, àfi bí àwọ̀ ilẹ̀ bá yí padà. Nígbà náà, àwọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ sẹ́ gbogbo yẹ̀pẹ̀ náà nínú asẹ́ oníhò mílímítà márùn-ún. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ káàdì tí ẹ máa fi sínú ọ̀rá ohun tí ẹ bá rí, torí báírò máa ń ṣí nínú ọ̀rinrin. Ẹ má da yẹ̀pẹ̀ sí ẹnu kòtò, ó kéré tán kó jìnnà ní mítà kan, kí ẹ̀gbẹ́ má baà ya lu ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá kan yángí, ẹ má tíì sọ pé ó tán. Ikán ń gbé erùpẹ̀ múlọ́múlọ́ wá sókè, ohun wíwúwo á sì máa rì lọ sórí yángí tàbí sáàárín rẹ̀. Ẹ tún wa igun kan sísàlẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Ihò òkété náà ń tanni jẹ: ọ̀rá píọ́ wọ́tà lè wà ní ìsàlẹ̀ ohun tó ti pẹ́.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ má gbára lé èédú tí wọ́n ń gbé lọ sí láàbù. Fún nǹkan bíi 1650 sí 1950, ìdíwọ̀n kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí èédú kì í dájú, ó lè fún yín ní ọdún tó fi igba àti àádọ́ta jìnnà síra. Owó ẹyọ sàn jù ú. Kéékèèké láti Maldives ló ṣáájú, èyí tó tóbi jù ú, tó ní òrùka pupa rúsúrúsú lẹ́yìn, wá láti Zanzibar lẹ́yìn 1845. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ lu láti sín in, nítorí náà ìtóbi ni kí ẹ wò. Lára ìgò, bí ojú àsopọ̀ bá gun dé etí ẹnu, ẹ̀rọ ọ̀rúndún ogún ló ṣe é. Àpáàdì tí wọ́n yí kùùkù àgbàdo lé lára kò lè ṣáájú ìgbà tí àgbàdo kọjá òkun dé, lẹ́yìn 1500.

Bí ẹ bá rí egungun èèyàn, ẹ dúró. Abẹ́ ilé ni àwọn bàbá wa ń sin òkú sí. Ẹ bò ó, kí ẹ pe baálẹ̀ àti olórí ẹbí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Kí ibi tó ní nǹkan púpọ̀ di pápá eré ẹ́sítéètì: ẹ tẹ́ aṣọ líle tí àwọn ẹnjiníà ń tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ (geotextile) lé e lórí, kí ẹ da yẹ̀pẹ̀ bí ìdajì mítà lé e. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kànga tàbí kòtò ìdọ̀tí síbẹ̀. Fáúńdéṣọ̀n lè máà jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n sókàwéè kan tó jìn ní mítà mẹ́ta á gún gbogbo ìran náà kọjá.