Ẹgbẹ̀rún ilá fún Cosme àti Damião

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, ìyá onílé mi kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ó gbé àpótí pákó kékeré kan dání. Ère àwọn Ẹni Mímọ́ méjì dúró ti ara wọn nínú àpótí náà, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn wọn, owó ẹyọ sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ní òun ń tọrọ owó ilá.

Ó yà mí lẹ́nu, torí ìyá náà kì í ṣe aláìní. Òun ló ni ilé tí mo ń gbé. Ó ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí ọmọ òun ṣàìsàn, òun jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Cosme àti Damião, ara ọmọ sì yá. Ẹni tó bá máa se ilá fún wọn gbọ́dọ̀ tọrọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn aládùúgbò, bó ti wù kó lówó lọ́wọ́ tó. Mo fi owó sínú àpótí. Mo wá fi ìwọ̀nba Pọtogí tí mo gbọ́ nígbà náà sọ fún un pé nílé wa, ìyá ìbejì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: á pọn ọ̀kan, á gbé ọ̀kan mọ́ àyà, á jó wọ ọjà, á máa tọrọ.

Ó wò mí títí. "Àbí ìbejì ni ìwọ náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kẹ́hìndé ni mí.

"Èkejì rẹ ńkọ́?"

Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìbàdàn, ẹnì kankan ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni wá nígbà tí Táíwò padà lọ. Mo sọ ọ́ fún un. Ó gbé àpótí sílẹ̀, ó gbá mi mọ́ra, ó ní èmi náà ni máa wá bá àwọn gé ilá ọdún yẹn.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ àwọn méjì tó wà nínú àpótí yẹn. Àgùdà ni wá nílé wa. Nínú àdúrà gígùn kan tí Fádà máa ń gbà ní Máàsì kó tó gbé búrẹ́dì àti wáìnì sókè, á pe orúkọ àwọn àpọ́sítélì, á pe tàwọn ajẹ́rìíkú, Cosmas àti Damian ló sì máa ń gbẹ̀yìn kó tó kan gbogbo Ẹni Mímọ́ yòókù. Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé ta ni wọ́n. Mi ò mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n.

Oníṣègùn ni àwọn méjèèjì. Ìlú Aegeae ní Kìlíkíà, etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ni wọ́n ti ń wo aláìsàn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn Gíríìkì fi ń pè wọ́n ní Anargyroi, àwọn tí kì í gba fàdákà. Nígbà tí olú-ọba Diocletian ń ṣe inúnibíni sí àwọn onígbàgbọ́, gómìnà tó ń jẹ́ Lysias ní kí wọ́n mú wọn wá. Ìtàn ní wọ́n jù wọ́n sómi, wọ́n jù wọ́n síná, wọ́n sọ wọ́n lókùúta, wọ́n ta wọ́n lọ́fà, kò sí èyí tó ràn wọ́n, àfìgbà tí wọ́n fi idà bẹ́ wọn lórí. Àwọn ọmọ ìyá wọn mẹ́ta, Anthimus, Leontius àti Euprepius, jẹ́rìí kú pẹ̀lú wọn.

Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Palladia rí ìwòsàn gbà lọ́wọ́ wọn. Ó fi orúkọ Ọlọ́run bẹ Damian pé kó gba ẹ̀bùn kékeré kan lọ́wọ́ òun. Àwọn kan ní ẹyin mẹ́ta ni. Damian gbà á nítorí orúkọ tí obìnrin náà fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Cosmas gbọ́, inú bí i débi tó fi pàṣẹ pé ọjọ́ tí àwọn bá kú, wọn ò gbọdọ̀ sin òun ti èkejì òun. Ọjọ́ ikú dé. Àwọn tó fẹ́ sin wọ́n dúró ti òkú, wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Ni ràkúnmí kan bá lanu, ó fọhùn bí ènìyàn, ó ní kí wọ́n sin wọ́n pọ̀.

Màmá mi sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé Táíwò lọ, àwọn àgbà ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé ẹlòmíì, kí n má bàa rí i. Mo ti ro ọ̀rọ̀ ràkúnmí yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún wọn gan-an pé méjì ní Salvador. Ní 26 oṣù kẹsàn-án ni Ìjọ Àgùdà ń rántí wọn. Tẹ́lẹ̀, 27 ni. Nígbà tí Róòmù tún kàlẹ́ńdà tò ní 1969, wọ́n fi 27 sílẹ̀ fún Ẹni Mímọ́ Vincent de Paul, nítorí ọjọ́ náà ló kú ní 1660, wọ́n sì sún àwọn ìbejì síwájú ní ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ilé ní Bahia kò bá wọn sún. Èmi lọ sí Máàsì ní 26 ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi orúkọ wọn pè ní àdúgbò Liberdade, mo sì padà sílé wá bá wọn gé ilá tí wọn máa sè ní 27.

Ọjà São Joaquim ni a ti ra ilá náà. Ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń kà á fún wa, ìgbà mẹ́wàá. Àwa obìnrin jókòó yí tábìlì ká, a ń la ilá kọ̀ọ̀kan lóròó sí mẹ́rin kí a tó gé e wẹ́wẹ́, títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n lọ edé gbígbẹ, wọ́n lọ ẹ̀pà, wọ́n lọ kajú, wọ́n gé àlùbọ́sà, wọ́n rẹ́ atalẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi sè é. Caruru ni wọ́n ń pè é. Mo tọ́ ọ wò, ó di ilá alásèpọ̀ lẹ́nu mi, àfi ẹ̀pà àti kajú tó wà nínú rẹ̀. Acarajé wà níbẹ̀, àkàrà wa náà ni. Abará wà níbẹ̀, ó jọ ọ̀lẹ̀ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Dòdò wà, gúgúrú wà, àgbọn wà, gàárì tí wọ́n fi epo yan wà. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀wà jáde, tí wọ́n wá gbé ìrèké tí wọ́n gé kékeré tẹ̀lé e, mo ní láti lọ dúró níta díẹ̀. Ẹ̀wà àti ìrèké ni ìyá bàbá mi máa ń pín fún àwọn ọmọ àdúgbò nítorí tiwa.

Kí àgbàlagbà kankan tó fẹnu kan nǹkan kan, àwọn ọmọ méje ló kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, wọ́n gbé ọpọ́n ńlá kan sáàárín, àwọn ọmọ náà jókòó yí i ká, wọ́n sì ń fi ọwọ́ jẹ. Mo béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ méje. Ìyá onílé mi fi ìka kà wọ́n fún mi: Cosme, Damião, Doú, Alabá, Crispim, Crispiniano, Talabi.

Mo ní kó tún un kà.

Crispim àti Crispiniano kò ṣòro fún mi. Ọmọ ìyá ni àwọn náà, ajẹ́rìíkú ni wọ́n, aránbàtà ní Soissons nílẹ̀ Faransé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ní, 25 oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n Doú ni Ìdòwú, ọmọ tí à ń bí tẹ̀lé ìbejì. Alabá ni Àlàbá tó ń tẹ̀lé Ìdòwú. Talabi ni Tàlàbí, ọmọ tó fi àpò bora wá sáyé. Ìyá onílé mi rò pé orúkọ Ẹni Mímọ́ ni gbogbo wọn. Ó gbé ère inú àpótí rẹ̀ wá, ó fi ọmọ kékeré kẹta kan hàn mí tó dúró láàárín àwọn méjèèjì, tó wọ irú aṣọ wọn. Mi ò tíì fiyè sí i tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Doú nìyí." Ìtàn àwọn ajẹ́rìíkú tí mo kà kò mẹ́nu ba ọmọ yẹn. Mo gbà lọ́kàn mi pé ìyá ìbejì kan tí wọ́n kó lẹ́rú débẹ̀ ló wo àwọn méjì yẹn tó ní, àbúrò wọn dà? Àbúrò mi ọkùnrin, Ìdòwú ló ń jẹ́. Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní orúkọ rẹ̀ wà níbí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fara mọ́ pípa òrìṣà àti Ẹni Mímọ́ pọ̀. Ní 1983, àwọn ìyálórìṣà ńlá ní Salvador, Mãe Stella ti Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá àti Mãe Menininha ti ilé òrìṣà Gantois wà lára wọn, fọwọ́ sí ìwé kan láti sọ fún ayé pé òrìṣà kì í ṣe Ẹni Mímọ́ Àgùdà, kí wọ́n yé fi ọ̀kan bo èkejì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ẹrú tó kọ́kọ́ dà wọ́n pọ̀ kò láyè láti sin tiwọn ní gbangba. Èmi náà kò sọ pé Cosmas àti Damian ni Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn. Mo gba Ara Olúwa ní 26, mo sì mọ ẹni tí mo gbà. Mo gé ilá lálẹ́ ọjọ́ kan náà, mo sì mọ ẹni tí mo gé e fún.

Àwọn aládùúgbò kan kò jẹ́ kí ọmọ wọn wá, wọ́n ní oúnjẹ èṣù ni. Mi ò lè bínú sí wọn. Nígbà tí Táíwò lọ, ìyá bàbá mi fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì fún un. Màmá mi kọ̀, ó ní ọmọ Ìjọ kì í bọ ère. Ẹ̀wà náà dáwọ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ ìbí mi di ọjọ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé wa.

Wọ́n máa ń fi odidi ilá díẹ̀ sílẹ̀ láìgé nínú ìkòkò. Ẹni tó bá bá a nínú àwo rẹ̀ ni yóò se tọdún tó ń bọ̀. Ìyá onílé mi gbé àwo méjì wá síwájú mi. Mo ní ọ̀kan ti tó mi. Ó ní èkejì kì í ṣe tèmi. Mo jẹ tèmi tán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Inú àwo kejì ni odidi ilá náà wà.

Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè sọ ọ́ fún Màmá mi. Mo ti múra de ìbínú. Ó dákẹ́ pẹ́ lórí fóònù, mo tiẹ̀ rò pé ó ti já. Ló bá béèrè pé ọjọ́ wo ni. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ 26 àti 27 fún un.

"Lọ sí Máàsì ní 26," ó ní, "kí o gbé ìkòkò kaná ní 27. Ìbejì ṣáà ni wọ́n." Lẹ́yìn náà ló ní, "Kẹ́hìndé, má jẹ́ kí ẹ̀wà kéré níbẹ̀ o. Ìwọ lo fẹ́ràn ilá. Táíwò kì í jẹ ilá, ẹ̀wà ni tiẹ̀."

Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ti ra ẹ̀wà kílò márùn-ún.