Abo Bẹ́tà Mẹ́fà Nínú Táǹkì Kan: Ohun Tí Kì í Jẹ́ Kí Wọ́n Para Wọn

Bẹ́tà jẹ́ ẹja kékeré tí a ń sìn nílé fún ẹwà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé akọ rẹ̀ nìkan ló ń jà, pé téèyàn bá ti ra abo, kó ṣáà da gbogbo wọn pọ̀ sínú omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abo bẹ́tà ń jà, ó ń gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, ó sì lè pa á. Ibi tó ti yàtọ̀ sí akọ ni pé àwọn abo lè gbà kí ọ̀kan ṣe ọ̀gá, kí ìyókù mọ àyè wọn, bí ibi tí wọ́n lè sá sí bá wà. Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù tí mo kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò gùn: bí èyí tí wọ́n ń lé bá ti sá, kí èyí tó ń lé e má rí i mọ́. Táǹkì tí èyí kò bá ti ṣeé ṣe, bó ti wù kí omi rẹ̀ mọ́ tó, ìjà kò ní tán níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ fẹ́ sìn, ẹ fún un ní táǹkì lítà 20 tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Dídá gbé kì í pa bẹ́tà lára, ibẹ̀ ni mo sì máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kíkó abo pọ̀ wà fún ẹni tó ráyè wo táǹkì rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, tó sì ní ike tàbí táǹkì kékeré mìíràn nílẹ̀ tó lè fi ya oníjàgídíjàgan sọ́tọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé abo ni. Akọ kan wà tí lẹbẹ rẹ̀ kúrú, plakat ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń bọ́ sáàárín abo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ wo abẹ́ ikùn: abo tó ti dàgbà ní àmì funfun kékeré kan tó yọ síta lẹ́yìn lẹbẹ méjì ìsàlẹ̀ àyà, ibẹ̀ ni ẹyin ń gbà jáde. Akọ tó ṣì kéré náà lè ní irú rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ẹ gbé dígí síwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá bínú, tó ṣí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ sílẹ̀, tí awọ tí à ń pè ní irùngbọ̀n sì yọ gbòòrò lábẹ́ ọrùn, akọ ni. Ti abo kì í yọ tó bẹ́ẹ̀.

Fún abo mẹ́fà, táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, tó fẹ̀ ní 35, tó sì ga ní 40 ló bá a mu. Tí omi bá dé 36, ó tó nǹkan bíi lítà 100. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ lítà 75. Gígùn ṣe pàtàkì ju gíga lọ, torí ẹja tí wọ́n ń lé kì í sábà sá sókè, ẹ̀gbẹ́ ló ń sá gbà. Omi yẹn nìkan wúwo tó kílò 100, kí ẹ tó ka gíláàsì àti iyanrìn mọ́ ọn, nítorí náà ẹ má gbé e sórí tábìlì ẹlẹ́gẹ́. Ẹ bo orí rẹ̀ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, torí bẹ́tà ń fò jáde. Ẹ má sì bò ó pa, torí orí omi ló ti ń gbé imú sókè mí. Méjì tàbí mẹ́ta nínú táǹkì kan kò dára rárá: ọ̀gá á dojú kọ ẹyọ kan títí tí yóò fi kú. Bí wọ́n bá tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìbínú rẹ̀ á pín káàkiri.

Ibi ìsápamọ́ ni kẹ́ ẹ náwó sí. Àpáàdì tí ẹ ti fi òkúta ra etí rẹ̀ kó má baà ya lẹbẹ, ìkòkò amọ̀ kékeré tí a dùbúlẹ̀, èèpo àgbọn tó ti rẹ nínú omi títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi dẹ́kun yíyọ, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹnu méjì. Èyí tó bá ní ẹnu kan, pàkúté ni. Ọ̀gá á dúró lẹ́nu rẹ̀, ẹni inú ilé ò ní lè jáde wá jẹun. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín wà ní ọ̀gangan ìpẹ̀kun kan táǹkì náà, kí ẹ wo inú omi lọ títí dé ìpẹ̀kun kejì. Bí ẹ bá ń rí gíláàsì ọ̀hún, ìbòjú kò tíì tó.

Ní ti ewéko, Anubias jẹ́ ọmọ ìhà tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò sì béèrè iná púpọ̀. Ẹ dè é mọ́ igi tàbí òkúta. Bí ẹ bá ri igi rẹ̀ tó nípọn mọ́ iyanrìn, yóò jẹrà. Ojú oró tún dára jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí. Òun ló ń lékè omi, gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ wálẹ̀ sì ni abo tó ń bẹ̀rù máa ń fara pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e láti inú ọ̀sà tààrà sínú táǹkì. Ẹ kọ́kọ́ fi í sínú korobá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣa ìgbín àti kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Tó bá ti ń gbilẹ̀, ẹ máa dín in kù kí ìdá mẹ́ta ojú omi lè ní ìdá kan tó ṣí sílẹ̀.

Omi wá ńkọ́? Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ń di ammonia, tó ń jó ẹja níbi tó fi ń mí. Kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ ọ́ di nitrite, tóun náà jẹ́ májèlé. Òmíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí ewu rẹ̀ kéré. Inú fóòmù fíltà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ni wọ́n ń gbé jù, ó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà ẹ tan fíltà, kí ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́ láìsí ẹja níbẹ̀, títí tí ìdánwò yóò fi fi hàn pé ammonia àti nitrite ti di 0. Ẹ wá pààrọ̀ omi kí nitrate má ju 20 mg/L lọ kí ẹ tó kó ẹja wọlé. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní táǹkì tó pẹ́ tí kò sì ní àrùn, fóòmù rẹ̀ kan á gé àkókò yẹn kúrú gan-an.

Omi ẹ̀rọ ìjọba ní chlorine, kẹ́míkà apakòkòrò. Ẹ lo oògùn tó ń pa á. Omi kàǹga àti borehole kì í sábà ní in, àfi tí onílé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da kẹ́míkà sí kàǹga tàbí tó fi bílíìṣì fọ táǹkì òkè, ẹ bi í. Ẹ bu omi borehole sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí pọ́ǹpù máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ tó lò ó. Ìdá mẹ́rin omi táǹkì, ẹ pààrọ̀ ìdá kan lọ́sẹ̀. Inú omi tí ẹ fà jáde yẹn ni kẹ́ ẹ ti fún fóòmù fíltà. Omi ẹ̀rọ á pa àwọn kòkòrò tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tọ́. Tí iná bá lọ, bẹ́tà fúnra rẹ̀ á ṣì máa mí lórí omi, àmọ́ àwọn kòkòrò inú fóòmù nílò afẹ́fẹ́. Pọ́ǹpù oníbátìrì kan yẹ kó wà nílé, ẹ sì dín oúnjẹ kù lọ́jọ́ tí iná bá pẹ́ kó tó dé.

Ooru 25 sí 28°C ló yẹ wọ́n. Ní Èkó, omi inú ilé sábà máa ń wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti òru ọyẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ lẹ máa nílò hítà fún.

Ewé gbígbẹ igi fúrúùtù, igi tí àwọn ọmọdé máa ń sọ ní òkúta yẹn, tí òyìnbó ń pè ní Indian almond, wúlò fún bẹ́tà gan-an. Ẹ ṣa èyí tó ti pọ́n tó sì já fúnra rẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹyọ kan fún nǹkan bíi lítà 40. Omi á pupa díẹ̀, ẹja á sì fara balẹ̀. Kì í ṣe oògùn o.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó wọn pọ̀, kí gbogbo wọn ti dá wà nínú ike tiwọn fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí àrùn lè farahàn. Ẹ pa iná táǹkì, ẹ kó wọn wọlé lálẹ́ kan náà, èyí tó kéré jù ṣáájú, èyí tó le jù gbẹ̀yìn. Lílé ara wọn, fífẹ lẹbẹ sí ara wọn, kí etí lẹbẹ já díẹ̀, a máa ń rí i ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Ohun tí kò yẹ ká fojú fò ni abo tó há sí igun kan lókè, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tí ìlà dúdú gba gígùn ara rẹ̀ láti orí dé ìrù, tí kò sì jẹun. Ìlà tó dúró lóòró, láti ẹ̀yìn wá sí ikùn, kì í ṣe ìbẹ̀rù; ẹyin ló ń ṣe é, abo sì ń lóyún ẹyin láìrí akọ. Ẹ má febi pa á nítorí ikùn ńlá.

Bí ìyà bá pọ̀ jù, oníjàgídíjàgan ni kẹ́ ẹ mú jáde. Tí ẹ bá mú ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà kúrò, ọ̀gá á kàn wá ẹlòmíràn ni. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sún àpáàdì àti igi kiri kó tó padà, kó lè bá ilé tí kò mọ̀ mọ́. Èyí tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi í sí táǹkì tirẹ̀ títí láé.

Oúnjẹ oníhóró kéékèèké 3 tàbí 4 fún ẹja kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọjọ́ kan láìjẹun lọ́sẹ̀. Ibi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ jù ú sí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀gá má baà ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Tanwíjí dùn mọ́ wọn ju ohunkóhun lọ. Inú korobá omi òjò ni kẹ́ ẹ ti sẹ́ ẹ, kì í ṣe gọ́tà, ẹ ṣàn án, kó má sì ju ohun tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń sin ẹ̀fọn nínú pálọ̀.

Lẹbẹ tí ẹgbẹ́ gé jẹ, ibi tó já á mọ́ ṣáká. Tí etí rẹ̀ bá dúdú tàbí tó pọ́n, tó sì ń jẹ wọnú lójoojúmọ́, ìjẹrà ni. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún táǹkì ẹja sí lítà 4 omi, kó kọ́kọ́ yọ́ dáadáa. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7 sí 10, kí omi tuntun náà ní iyọ̀ tó ṣe déédéé. Ẹ má ṣe é nínú táǹkì ńlá, iyọ̀ á pa ojú oró.

Oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín nírọ̀lẹ́ ń pa ẹja, bẹ́tà tó ń mí lórí omi sì wà nínú ewu jù. Pọ́ǹpù náà á fa á wọnú omi. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fín in, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ fi aṣọ tútù bo táǹkì pátá, ẹ ṣí fèrèsé lẹ́yìn náà, kí ẹ má ṣí aṣọ tàbí tan pọ́ǹpù títí òórùn yóò fi lọ tán. Yàrá tí táǹkì wà, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni mo fara mọ́.