Òǹkàwé ló parí ewì yìí
Nínú dánfó tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Yábàá ni mo ti ka ewì tí Taras Shevchenko, akéwì ilẹ̀ Ukréìn, kọ ní 1845, níbi tí ó ti ní bí òun bá kú, kí wọ́n sin òun sórí òkè tí yóò ti máa wo odò Dnipro. Ó kú ní 1861 ní St. Petersburg, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ sin ín sí. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ sí Kaniv ní Ukréìn, sórí òkè létí odò náà. Lójú tèmi (kí àwọn ọ̀mọ̀wé má bínú), àwọn ni wọ́n parí ewì náà.

Ní ìparí ewì náà, Shevchenko ní kí a fi ọ̀rọ̀ rere kan rántí òun jẹ́jẹ́. Mo rọra sọ ọ́. Kọ̀ńdọ́ wò mí: “Ẹ̀gbọ́n, owó yín dà?”