Ẹ́ńjìnnì Yó, Ebi Ń Pa Gíá

Ìyá Ìbejì ní kí n má kọ ọ́. Ó ní ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ náà ti tó, kò yẹ kí ará ayé tún bá wa rí i. Ṣùgbọ́n èmi tí mo rọ ẹ́ńjìnnì yó títí tó fi ń bì, ojú wo ló tún kù tí yóò tì mí?

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ọjọ́ náà kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ti ń yún mi sí ọkọ̀ yìí. Èmi ni mo pààrọ̀ rédíò inú rẹ̀, mo sì ṣe é dáadáa, àfi pé bí mo bá ti tan iná ìtọ́ka sí apá òsì báyìí, orin á kú, á jí, á tún kú, bí iná ọ̀hún ṣe ń ṣẹ́jú. Mo sọ fún ìyàwó mi pé bí wọ́n ṣe ṣe rédíò náà nìyẹn, kí ọkàn awakọ̀ má baà kúrò níbi tó fẹ́ yà sí. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ni mo tú ike inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà tí gíláàsì rẹ̀ há. Mo tú u, mo tò ó padà, gíláàsì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bóòtù mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Mo ní agolo kan tí mo ń kó irú wọn sí. Èrò tèmi ni pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló bù wọ́n lé e bí èènì.

Ohun tí kò sí nínú agolo náà ni sípánà nọ́ńbà 10. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú ọkọ̀ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Nọ́ńbà 9 wà. Nọ́ńbà 11, tí mi ò tíì rí bóòtù kan ṣoṣo tó bá a mu láyé mi, òun náà wà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 10 tó jẹ́ pé òun ni gbogbo nǹkan ń fẹ́, gbé e sílẹ̀ kí o yíjú, ilẹ̀ ti gbé e mì. Mo ti ra mẹ́rin. Mo gbà pé gbogbo wọn wà níbì kan nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, wọ́n ń ṣèpàdé.

Bàbá mẹkáníìkì wa ló kọ́kọ́ sọ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti dúdú, ó ti tó pààrọ̀. Bó ṣe wí báyìí ni mo rántí fídíò kan tí mo wò, ìṣẹ́jú 11 géérégé. Ọkùnrin inú rẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ló tàn mí. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó jáde, ṣẹ́ẹ̀tì ṣì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo ní kí ló wá le níbẹ̀? Tú bóòtù, jẹ́ kí ògbólógbòó ṣàn jáde, dí i, da tuntun. Kí ni mò ń sanwó fún ẹni ẹlẹ́ni sí?

Ọjọ́ Sátidé ni, a sì ní òde kan tí a fẹ́ lọ lọ́sàn-án.

Ìyá Ìbejì ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò ní jẹ́ ká ti òde dé ná?”

Mo ní, “Ìṣẹ́jú 11 ni.”

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo nǹkan pátá ni mo ṣe láṣìṣe, ẹ gbọ́ èyí: mi ò wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì ò ṣeé finú tán, ó lè yọ̀ nígbàkigbà. Mo gbé àwọn irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn sábẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo ti ọkọ̀ wò, kò mì. Mo ti kọ́kọ́ ṣíná fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́wọ́ọ́wọ́, nítorí ọ́ìlì tó bá tutù kì í yá ṣàn. Mo gbé báàfù, mo mú àkísà, mo dùbúlẹ̀, mo wọ́ wọlé. Títí débẹ̀, àní ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun kò lè rí àléébù kan lára mi.

Mo gbójú sókè, mo rí bóòtù ńlá kan tó dojú kọlẹ̀, tó ń wò mí bí ẹni pé ó ti ń retí mi. Mi ò wá òmíràn. Ẹni tó ti rí ohun tó ń wá, kí ló tún ń wá kiri?

Bí ẹ ò bá tíì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: ọ̀tún àti òsì a máa pààrọ̀ ilé níbẹ̀. Mo fi sípánà há bóòtù náà, mo fà á tagbára tagbára. Ó dún kẹ̀ẹ́. Mo ní ó ti ń bọ̀. Mo tún fà á, iṣan ọrùn mi le kangun. Kẹ̀ẹ́. Táíwò ti wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó tẹ orí, ó ń wò mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ.

“Dádì, ṣé kì í ṣe apá ibi tí wọ́n máa ń yí ìdérí ìgò sí tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i lẹ máa yí i sí ni?”

Mo ní kó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Nígbà tó ti wọlé tán, mo yí i sí apá ibi tó wí. Kíá, bóòtù já.

Bí fídíò ṣe fi hàn, ọ́ìlì a rọra ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ sínú báàfù. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ó tú jáde ṣùà, ó gba àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wọ inú apá ẹ̀wù, ó kí ìgúnpá, ó dé abíyá, ibẹ̀ ló ti ronú díẹ̀ kó tó yà sí ìhà mi. Kò tíì gbóná tó èyí tó lè bó èèyàn lára, ṣùgbọ́n ó gbóná tó èyí tó lè mú kí èèyàn gbé orí sókè lójijì, orí mi sì pàdé irin. Bóòtù bọ́ sínú báàfù, tóó.

Ìgbà tí ojú mi wálẹ̀ ni mo wo ọ́ìlì náà. Kò dúdú. Pupa ló pupa, ó mọ́ lóló, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ìdí báàfù. Inú mi dùn, ni mo bá pe ìyàwó mi.

“Wá wo nǹkan! Ọ́ìlì tí bàbá yẹn ní ó ti dúdú nìyí o! Ọdún wo ni wọ́n ti ń purọ́ fún wa?”

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀, ó wo báàfù, ó wo èmi tí mo rẹ nínú ọ́ìlì láti ọrùn dé ìbàdí.

“Tó bá mọ́ tó báyìí, kí lẹ wá ń pààrọ̀ rẹ̀ fún?”

Ìbéèrè náà dára. Mi ò dá a lóhùn.

Mo dí bóòtù padà. Fílítà tó ń sẹ́ ọ́ìlì, mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi, mo ní ó di ìgbà mìíràn. Mo gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, mo gbé àrọ sí ẹnu ẹ́ńjìnnì, mo da lítà mẹ́rin sí i, nítorí lítà mẹ́rin ni ìwé ọkọ̀ wí. Lẹ́yìn náà ni mo fa gééjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, mo nù ún, mo kì í bọlẹ̀, mo tún fà á yọ.

Àmì méjì ló wà lára gééjì ọ́ìlì. Ti ìsàlẹ̀, ọ́ìlì kò gbọdọ̀ dín sí i. Ti òkè, kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Tèmi ti kọjá àmì òkè, ó ti ré ibi tí irin náà ti tẹ̀ kọjá, ó ń bọ̀ wá kí ọwọ́ mi. Ẹlòmíràn ì bá dúró níbẹ̀, á bi ara rẹ̀ pé ṣé kò sí nǹkan. Èmi ní ó dára bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá yó ló ń lè ṣiṣẹ́.

Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọṣọ. Gbogbo wa kó sínú ọkọ̀, Táíwò àti Kẹ́hìndé lẹ́yìn, ìyá wọn níwájú, pọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí itan. Mo ṣíná. Ohùn ẹ́ńjìnnì wúwo díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán tí wọ́n ní kó wá sáré. Mo fi sí rìfáàsì, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ọkọ̀ kò lọ. Mo tẹ iná díẹ̀. Kò lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ gan-an: ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ọkọ̀ dúró síbi tó wà bí òkè. Mo ní bóyá iwájú ló wù ú, mo fi síwájú. Ramúramù. Kò mira.

Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti yíjú sẹ́yìn.

“Dádì, ilé wa ti pòórá.”

Lóòótọ́ ni. Èéfín funfun tó ń tú jáde nídìí sàlẹ́ńsà ti bo ilé, ó ti bo ọgbà, ó ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Kò pẹ́ tí aládùúgbò náà fúnra rẹ̀ fi já jáde láti inú èéfín pẹ̀lú korobá omi, ó ń pariwo pé ká bọ́ sílẹ̀, ká bọ́ sílẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ń bẹ ọkùnrin náà pé iná kọ́ ni, kó jọ̀ọ́ má da omi. Gbogbo bó ṣe ń lọ yẹn, Ìyá Ìbejì kò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́.

“Bàbá Ìbejì, ṣé ìṣẹ́jú 11 ọ̀hún ti pé?”

Mo pe bàbá mẹkáníìkì lórí fóònù. Mi ò sọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Mo kàn ní ọkọ̀ ṣàdédé kọ̀, kò rìn mọ́, ó sì ń rú èéfín. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Ọ̀gá, kí lẹ fọwọ́ kàn?”

“Kò sí o, Bàbá.”

“Mo ń bọ̀. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ti fà jáde, ẹ má dà á nù.”

Ẹ ò rí i pé àgbà ń bẹ níbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Báàfù ni wọ́n lọ bá. Wọ́n fi ìka kan kàn án, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á mọ́ ìka, wọ́n gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa gééjì yọ, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ohùn níbẹ̀rẹ̀. Èjìká wọn nìkan ló ń gbọ̀n.

“Ọ̀gá, ọ́ìlì gíá lẹ fà dà nù.”

Mo ní, “Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo ti tú u.”

“Ẹ́ńjìnnì àti gíá, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà nínú ọkọ̀ yìí. Bóòtù kan fún èyí, bóòtù kan fún tọ̀hún. Ẹ ò wá ibòmíràn wò ni? Àwọ̀ pupa yìí ńkọ́? Nítorí irú yín ni wọ́n ṣe pa á láró, kí èèyàn lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì tó bá rí i nílẹ̀.”

Wọ́n wá ṣàlàyé ohun tí mo ṣe fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ ọ́tòmátíìkì, wọ́n ní ọ́ìlì pupa yẹn gan-an ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tó fi ń dé ọ̀dọ̀ gíá, òun náà ló sì ń di gíá mú. Ìgbà tí mo ti fà á dà nù, ẹ́ńjìnnì kàn ń yí lórí òfo ni. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, ọ́ìlì tó ti wà nínú rẹ̀ kò lọ síbì kan, mo tún wá da lítà mẹ́rin lé e lórí. Irin tó ń yí nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọ́ìlì títí tó fi ń hó bí ọṣẹ, òmíràn sì gba ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wọ ibi tí iná ti ń jó. Èéfín tó gbé ilé wa mì nìyẹn. Wọ́n ní orí ló yọ mí tí mo tètè pa á.

Bàbá ní, “Ní kúkurú, ẹ́ńjìnnì yó ní àyókù, ebi sì ń pa gíá.”

Ìyá Ìbejì tó ti ń dákẹ́ láti ìgbà yìí wá rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú pé kó jọ̀ọ́.

“Bàbá, kì í ṣe àkọ́kọ́ o. Nígbà tí àwọn ìbejì yìí wà lóṣù méjì, mo lọ wẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi fún wọn ní wàrà, ìgò kan ẹnì kan. Ìgbà tí mo jáde, Kẹ́hìndé ń ké bí ẹni pé wọ́n ń pa á, Táíwò ń bì. Bàbá wọn ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yìí, pé ó ti jẹun, ó tún ń ké. Táíwò nìkan ni wọ́n fún ní ìgò méjèèjì!”

Bàbá mẹkáníìkì dìde lórí táyà, wọ́n di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú kí wọ́n má baà ṣubú. Aládùúgbò tó gbé korobá wá, tí ó yẹ kó ti padà sílé rẹ̀, òun náà ń nu omijé. Táíwò ń bi ìyá rẹ̀ pé ṣé òun bì gan-an. Kẹ́hìndé ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ń wò mí bí ẹni tó ní gbèsè lọ́rùn mi.

A ò lọ òde mọ́. Wọ́n fa ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì jáde pátá, dúdú bí èédú, bí wọ́n ṣe wí tẹ́lẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ fílítà tó lẹ̀ bí ìgbín, ọwọ́ kan ni wọ́n fi yí i. Wọ́n da ọ́ìlì pupa tuntun fún gíá. Ọkọ̀ rìn. Ó rú èéfín díẹ̀ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ẹ má bi mí ní iye tó ná mi. Kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, Ìyá Ìbejì wọlé, ó mú kútẹ́ẹ̀sì méjì tó fi ń kun èékánná jáde, ó fún bàbá. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Wọ́n kun bóòtù ẹ́ńjìnnì ní dúdú, wọ́n kun ti gíá ní pupa, ọ̀rọ̀ tán.

Ṣùgbọ́n kò tán. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá pé ọ́ìlì ti tó pààrọ̀, wọn kì í kí mi kí wọ́n tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń nahùn jáde níṣojú gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn:

“Ọ̀gá, ta ni ká bọ́ lónìí, Táíwò ni àbí Kẹ́hìndé?”