Ṣé ẹwà ni wọ́n ń wá níbẹ̀?

Ìpàdé, yàrá iṣẹ́ abẹ, fọ́ọ̀mù tí kì í tán. Ọjọ́ òní nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ò kúrò létí èmi oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe awọ. À ń to àwọn tí yóò wà nínú ẹgbẹ́ ìṣègùn tí a ó máa rán jáde bí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ni ẹnìkan lẹ́yìn mi bá ní, "Àtúnṣe awọ wo lẹ tún ń sọ níbi tí ilé ti wó? Ṣé ẹwà ni wọ́n ń wá níbẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú.

Ẹwà kẹ̀! Ògiri wó lé ènìyàn lẹ́sẹ̀, egungun yọ síta, awọ tó yẹ kó bò ó ti bó dànù. Oníṣẹ́ abẹ egungun á fi irin dè é láti ìta, tiẹ̀ parí. Egungun tó wà níhòòhò yẹn ńkọ́? Bí kò bá sẹ́ni tó máa yí ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bò ó, kòkòrò á wọ̀ ọ́, ó di gígé. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé nígbà tí ilẹ̀ mì ní Haiti ní 2010... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lálẹ́ yìí.

Síbẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀gàn náà. Lọ́jọ́ kìíní, èmi kọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹni tí àwókù ti tẹ itan rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, bí wọ́n bá gbé òkúta kúrò láì tíì fa omi sí i lára, májèlé inú ẹran tó ti kú á ya lọ bá ọkàn àti kíndìnrín. Á máa bá yín sọ̀rọ̀ geere, kó tó ṣubú lulẹ̀ kú. Omi nìyẹn ń fẹ́, àti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Àbí ta ló tiẹ̀ ń bá ọjọ́ kìíní níbẹ̀? Kí àlejò tó balẹ̀, àwọn dókítà ibẹ̀ ti gba ẹni tó ṣeé gbà. Ọgbẹ́ tó ti ń rùn là ń bá, àti èyí tí ẹnìkan fi ìkánjú rán pa. Ẹ má rán ọgbẹ́ àwókù pa lọ́jọ́ kìíní, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé òkú ẹran kúrò, ẹ dì í láì rán an, ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni tèmi dé.

Ìlànà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2013 fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ò kúkú ní ká dá dúró. Inú ẹgbẹ́ ńlá tàbí ilé ìwòsàn ibẹ̀ ni irú wa ń wọ̀. Ẹgbẹ́ onípele kejì, ìyẹn èyí tó ń dá aláìsàn dúró tó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ, gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá 7 lójúmọ́, ó kéré tán, ti aboyún sì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ mì o, ilẹ̀ ò mì o, aboyún á rọbí.

Wọ́n á gba orúkọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo máa kọ tèmi. Ṣùgbọ́n mo máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ti dókítà kíndìnrín. Mo mọ̀ pé wọ́n á tún rẹ́rìn-ín.