Ogun, Àjàrà àti Ìdílé Hochar

Nínú gbogbo ìdílé tí ń ṣe wáìnì tí mo ti kà nípa wọn, ìdílé Hochar, àwọn tí wọ́n ni ilé iṣẹ́ wáìnì Château Musar ní orílẹ̀-èdè Lẹ́bánónì, ni ìtàn wọn wọ̀ mí lára jù. Gaston Hochar ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1930, nínú ilé olódi àtijọ́ kan ní Ghazir. Serge, ọmọ rẹ̀, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà ní Bordeaux, ìlú wáìnì ní ilẹ̀ Faransé, gba ṣíṣe wáìnì lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1959, nígbà tí Ronald, àbúrò Serge, wá ń bójú tó ọjà títà.

Ìṣòro wọn ni pé ọgbà àjàrà wà ní Àfonífojì Bekaa, tí ó fi nǹkan bíi 1,000 mítà ga ju òkun lọ, ṣùgbọ́n ilé ìfúntí wà ní Ghazir, ní òdì kejì òkè, níhà etíkun. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1975, àárín ojú ogun ni ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó èso ń gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni àjàrà tí a ti ká kì í dúró de àlàáfíà. Wọn kò rí wáìnì ṣe rárá ní 1976. Ní 1984, èso pẹ́ lójú ọ̀nà débi pé ó ti ń di ọtí nínú ọkọ̀ kí ó tó dé; ọdún yẹn kan náà ni Decanter, ìwé ìròyìn wáìnì ti Lọ́ńdọ̀nù, fi Serge ṣe Ẹni Àyẹ́sí Ọdún.

Irú àjàrà mẹ́ta, Cabernet Sauvignon, Cinsault àti Carignan, ni wọ́n ń pò pọ̀ fún wáìnì pupa wọn. Ó ń lo ọdún kan nínú àgbá igi óákù, lẹ́yìn náà ni yóò wà nínú ìgò, kì í sì í dé ọjà títí di ọdún keje lẹ́yìn ìkórè. (Àwa tí emu wa ń kan lọ́jọ́ kejì, ẹ bá mi ro irú sùúrù yẹn wò.) Obaideh àti Merwah, àjàrà ìbílẹ̀ Lẹ́bánónì, ni wọ́n fi ń ṣe funfun.

Serge kú ní òpin ọdún 2014, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tipẹ́ kí ó tó kú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tiwa wà ní Oǹdó, níbi tí ọ̀pọ̀ bàbá ti ń dá oko kòkó tọ́jú títí ọlọ́jọ́ fi dé, tí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó kì í sì í béèrè ààlà oko àfi ìgbà tí ẹni tí yóò rà á bá ti kówó dání.